Ìmọ̀ Ìṣirò Owó: Ojúṣe Ọmọ Mùsùlùmí Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Yunifásítì

  

Ní ọdọọdún, bí àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà bá ti gbé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jáde, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò owó àti ètò ìnáwó a máa wà lára àwọn tí èrò ń wọ́ tọ̀. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìgbaniwọlé bá ti dé ọwọ́ ọmọ, ohùn méjì ni ó sábà máa ń dún nínú ilé àti ní mọ́ṣáláṣí. Ohùn kíní a ní kí ọmọ yára lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni owó wà, àti pé bí ó bá jáde, báńkì ni yóò ti ṣiṣẹ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ra ọkọ̀. Ohùn kejì a ní kí ó má ṣe débẹ̀ rárá, nítorí pé ìmọ̀ èlé ni, ẹni tí ó bá sì kọ́ ọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìbínú Ọlọ́hun. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún méjìdínlógún tàbí ogún lọ ni yóò dúró sí agbedeméjì ohùn méjèèjì yìí, tí yóò sì gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì í. Ẹni kíní kò mọ ohun tí ìmọ̀ náà jẹ́. Ẹni kejì kò mọ ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tún un ṣe fún ọmọ ní ọdún àkọ́kọ́, ó lè di ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí láìní ìpàyà Ọlọ́hun, tàbí ẹni tí ó ní ìpàyà Ọlọ́hun ṣùgbọ́n tí ó sá fún iṣẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí ń wá ẹni tí yóò ṣe é. Àtikékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

KÍ NI WỌ́N Ń KỌ́ NÍ ỌDÚN ÀKỌ́KỌ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wọ ẹ̀ka yìí ni ó rò pé kíka owó ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun. Kì í pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi ń là. Yàtọ̀ sí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣirò owó fúnra rẹ̀, yóò bá ìmọ̀ ọrọ̀ ajé pàdé, yóò bá ìṣirò tí ó jẹ mọ́ òwò pàdé, yóò kọ́ bí a ti ń kó iye jọ tí a sì ń túmọ̀ rẹ̀, yóò sì kọ́ ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyí tí JAMB fi ń béèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé. Lórí àga kan náà ni ọmọ tí ó ti kọ́ ìṣirò owó ní ilé ẹ̀kọ́ girama yóò jókòó sí pẹ̀lú ọmọ tí ó ti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì wá, tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹni tí ó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ a máa fi ọkàn balẹ̀ jù, ẹni tí kò kọ́ ọ rí a sì máa bẹ̀rù jù. Kí ìdánwò àkọ́kọ́ tó dé, ẹni tí ó bẹ̀rù tí ó sì fi ìbẹ̀rù náà ṣiṣẹ́ a máa ya ẹni tí ó fọkàn balẹ̀ sílẹ̀.

Kí á wo ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, nítorí pé irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó fi 500,000 náírà dá òwò sílẹ̀. Ó fi 300,000 náírà ra aṣọ, ó sì fi 60,000 náírà san owó ìsọ̀. Ó ku 140,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó yìí tí kò ní ojú méjì: ibi tí owó ti jáde, àti ohun tí ó lọ fún. Aṣọ wọlé, owó jáde. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́ẹ̀kan ní apá òsì tí wọ́n ń pè ní debit, lẹ́ẹ̀kan ní apá ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní credit. Bí a bá ro apá méjèèjì pọ̀, iye kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ohun kejì ni pé èrè yàtọ̀ sí owó ọwọ́. Bí ìyá yìí bá ta aṣọ tí ó rà ní 100,000 náírà fún oníbàárà ní 150,000 náírà, tí oníbàárà sì ní òun yóò san án ní ìparí oṣù, ìwé yóò sọ pé ó ti jèrè 50,000 náírà, bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan kò tíì wọ àpò rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa ná èrè tí kò tíì rí gbà, títí tí kò fi ní rí owó ra ọjà mìíràn.

Ohun kẹta ni pé òwò yàtọ̀ sí olówò. Bí ìyá yìí bá mú 40,000 náírà nínú àpótí ìsọ̀ láti fi ṣe ìkómọ, owó náà kì í ṣe ìnáwó òwò. Olówò ni ó mú un fún ara rẹ̀, ààyè ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. 100,000 náírà ni ó kù báyìí. Bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí ó sì gbàgbé, ní ìparí ọdún yóò máa wo ojú ọmọdébìnrin tí ń bá a tajà, yóò máa fura sí i pé olè ni. Àìkọ̀wé kan ṣoṣo ti sọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ di afurasí.

ÌWÉ TÍ Ó BÁRA MU KÒ TÍÌ DI ÒTÍTỌ́

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ti ń kó gbogbo iye ìwé náà jọ sí ojú kan láti mọ̀ bóyá apá òsì àti apá ọ̀tún dọ́gba. Trial balance ni wọ́n ń pè é. Ayọ̀ ńlá ni ó máa ń jẹ́ fún ọmọ tí ó ti fi òru ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí iye méjèèjì bá bára mu. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ayọ̀ náà pẹ́. Yóò fi hàn án pé àṣìṣe bí i mẹ́fà ni ó wà tí ìdọ́gba náà kò lè tú fó. Wọ́n lè fo ohun kan pátápátá láìkọ ọ́ sí apá kankan. Wọ́n lè kọ iye tí kò tọ́ sí apá méjèèjì. Wọ́n lè kọ gbèsè ẹnìkan sí orúkọ ẹlòmíràn. Wọ́n lè kọ ohun kan sí ìsọ̀rí tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n lè gbé ohun tí ó yẹ kí ó wà ní òsì sí ọ̀tún, kí wọ́n sì gbé ti ọ̀tún sí òsì. Àṣìṣe méjì sì lè bo ara wọn mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ìwé yóò bára mu dé orí kọ́bọ̀.

Kí á padà sí ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ. Bí akọ̀wé rẹ̀ bá kọ 40,000 náírà ìkómọ sí abẹ́ ìnáwó ìsọ̀, òsì àti ọ̀tún yóò dọ́gba síbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò ké gbàjarè. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ìwé náà ń pa. Ó ti sọ pé òwò náà ná ohun tí kò ná, ó ti dín èrè rẹ̀ kù, bí ìyá náà bá sì ní alábàápín nínú òwò, ó ti jẹ nínú ẹ̀tọ́ ẹni náà. Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ ní ọdún àkọ́kọ́ nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìwé díẹ̀ ni ó gbà nínú ìwé ẹ̀kọ́: ìdọ́gba kì í ṣe òdodo. Ẹ̀rọ lè mú ìdọ́gba wá. Ènìyàn nìkan ni ó lè mú òdodo wá.

Àwọn tí kò ka ẹ̀kọ́ yìí sí ti ba ilé ńlá jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Enron, tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ nínú òwò epo àti iná mànàmáná, wó lulẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2001, lẹ́yìn tí àṣírí tú pé wọ́n ti ń fi àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ bo gbèsè mọ́lẹ̀. Arthur Andersen, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ márùn-ún tí ó tóbi jù lọ lágbàáyé nínú yíyẹ ìwé owó wò, ni ó ń fọwọ́ sí ìwé wọn. Ní ọdún 2002 ilé ẹjọ́ dá Andersen lẹ́bi nítorí bíba ìwé ẹ̀rí jẹ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi máa yí ìdájọ́ náà padà ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ náà ti tú ká. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò nítorí gbèsè tí kò ṣeé gbà padà tí ó kún inú ìwé wọn, ó sì fi 420 bílíọ̀nù náírà ti àwọn báńkì náà lẹ́yìn kí owó àwọn ará ìlú má baà ṣòfò. Àwọn tí wọ́n ń kọ ìwé ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe púrúǹtù. Gbogbo wọn ni wọ́n ti jókòó ní kíláàsì ọdún àkọ́kọ́ rí.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN SỌ NÍPA KÍKỌ OWÓ SÍLẸ̀

Ẹni tí ó bá ní Islam kórìíra ìmọ̀ yìí, kí ó ṣí Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sí Sūratul-Baƙarah. Ìgbólóhùn tí ó gùn jù lọ nínú gbogbo Al-Kùránì ni ìkejìlélọ́gọ́rin-lé-ní-igba, 282, nínú Sūrah náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun ni ó sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ gbèsè tí ó ní gbèdéke, kí akọ̀wé ṣe déédéé, kí ó má kọ̀ láti kọ ọ́, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, kí ó má sì sú ènìyàn láti kọ ọ́, ìbáà ṣe kékeré tàbí ńlá.

Ibi tí Ọlọ́hun fi í sí tún jẹ́ ẹ̀kọ́ fún olóye. Láti orí ìgbólóhùn 275 títí dé 281, ọ̀rọ̀ èlé àti ìkìlọ̀ rẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Ó ti ìlẹ̀kùn èlé tán ni Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn ìwé. Ẹ̀sìn kò ní kí Mùsùlùmí sá fún ọ̀rọ̀ owó. Ó ní kí ó fọ owó náà mọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bákan náà ni Ànábì Yusuf, tí ó bẹ ọba Ijibiti pé kí ó fi òun ṣe olórí àwọn ilé ìṣúra ilẹ̀ náà. Ohun méjì péré ni ó fi gbé ara rẹ̀ kalẹ̀: pé olùṣọ́ tí kì í jẹ́ kí ohun ṣòfò ni òun, àti pé onímọ̀ ni òun. Yunifásítì lè fún ọmọ ní èkejì nínú méjèèjì. Ìkíní, láti ilé ni ó ti gbọ́dọ̀ gbé e lọ.

Àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ lo ìmọ̀ yìí. Khalifah Umar bin Khattab ni ó dá Dīwān sílẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ nínú owó ìlú sí, pẹ̀lú iye tí ó tọ́ sí oníkálukú. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Al-Khwarizmi kọ ìwé ní Baghdad lórí àwọn àmì oǹkà tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Leonardo ará Pisa, tí ayé ń pè ní Fibonacci, kọ́ àwọn àmì náà ní èwe rẹ̀ ní ìlú Bejaia ní Algeria, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣiṣẹ́, ó sì fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1202 tàn wọ́n kálẹ̀ ní Yúróòpù. Lórí oǹkà yẹn ni Luca Pacioli ti ṣe àlàyé ìlànà kíkọ ojú méjì nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní ọdún 1494. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ oǹkà sínú ìwé lónìí, ohun tí ó gba ọwọ́ àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí kọjá ni ó ń lò.

Ọ̀RỌ̀ ÈLÉ

Kò sí àríyànjiyàn pé èlé jẹ́ èèwọ̀. Nínú Hadith tí Jabir gbà wá, tí Imam Muslim sì kọ sílẹ̀, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣẹ́ èpè lé ẹni tí ń jẹ èlé, ẹni tí ń fún un jẹ, ẹni tí ń kọ ọ́ àti àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ méjèèjì, ó sì ní bákan náà ni gbogbo wọn. Hadith yìí ni àwọn tí ń lé ọmọ kúrò nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ń dì mú. Òtítọ́ ni Hadith náà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bá wí ni akọ̀wé tí ó fi kálámù rẹ̀ so àdéhùn èlé mọ́ ọrùn ènìyàn. Ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì tí ó ń ṣe ìṣirò sí ojú ìwé kò so àdéhùn kankan, owó ẹnikẹ́ni kò sì kúrò ní ibi tí ó wà.

Àwọn oníṣègùn a máa kọ́ nípa májèlé kí wọ́n lè gba ẹni tí ó gbé e jẹ là. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò 100,000 náírà tí wọ́n yá ènìyàn pẹ̀lú èlé ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ pé orí owó àkọ́kọ́ nìkan ni èlé ń gùn, ní ìparí ọdún mẹ́ta gbèsè náà yóò di 160,000 náírà. Bí èlé bá ń gun orí èlé, yóò di 172,800 náírà. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí dé ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, yóò rí bí gbèsè ti ń gbé ilé àti oko ẹni mì. Ìdí tí èlé fi jẹ́ èèwọ̀ yóò yé e ju bí ó ti yé ẹni tí ó kàn há a sórí lọ. Bí wọ́n bá sì gbé àdéhùn tí wọ́n fi orúkọ mìíràn bo èlé inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá sí iwájú bàbá rẹ̀, òun ni yóò lè tú u fó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí. Kíláàsì yàtọ̀ sí ọ́fíìsì. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni ó ti yẹ kí ọmọ mọ iṣẹ́ tí kálámù òun kò ní ṣe, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé owó oṣù ńlá síwájú rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àlùfáà tí yóò sọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́ fún un. Ayé iṣẹ́ ìṣirò owó kò mọ sí tábìlì ẹni tí ń yáni lówó èlé. Ilé ìwòsàn ń fẹ́ oníṣirò owó. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà ń fẹ́ ẹ. Ìjọba ń fẹ́ ẹ. Ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ ẹ. Àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò ń fẹ́ ẹ.

Ìlẹ̀kùn mìíràn tún ti ṣí. Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kíní ọdún 2012 láìsí èlé. TAJBank tẹ̀lé e ní ọdún 2019, Lotus Bank sì dé ní ọdún 2021. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé Sukuk àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, 100 bílíọ̀nù náírà, láti fi ṣe ọ̀nà. Àjọ AAOIFI, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Bahrain, ti ń gbé ìlànà ìṣirò owó kalẹ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí láti àwọn ọdún 1990. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ìwé owó tí ó sì gbọ́ òfin káràkátà nínú Islam. Bí àwọn ọmọ Mùsùlùmí bá sá kúrò ní kíláàsì ọdún àkọ́kọ́, ta ni yóò jókòó sí àga náà?

SÀKÁ KÒ ṢEÉ YỌ LÁÌSÍ ÌWÉ

Ohun mìíràn wà tí ó fi hàn pé ìmọ̀ yìí kan ẹ̀sìn gan-an. Ìdá kan nínú ogójì ni sàká owó àti ọjà títà, nígbà tí ó bá pé iye tí ó wúwo tó gíráàmù 85 góòlù tí ó sì pé ọdún òṣùpá kan. Ṣùgbọ́n orí kí ni wọn yóò ti yọ ọ́? Àwọn onímọ̀ ní oníṣòwò yóò ka owó ọwọ́ rẹ̀, yóò díye lé ọjà tí ó wà fún títà ní iye tí ó ń lọ lọ́jà ní ọjọ́ náà, yóò sì fi gbèsè tí ó ní ìrètí láti gbà kún un. Kò ní ka àga, pẹpẹ àti ọkọ̀ tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ láàárín ohun ìní tí ń yí padà di owó àti ohun ìní tí a fi ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ọdún àkọ́kọ́. Oníṣòwò tí kò ní ìwé, tí ó kàn ju owó díẹ̀ sílẹ̀ nínú oṣù Ramadan, sàráà ni ó ṣe. Kò sí ohun tí ó lè fi mọ̀ bóyá ó ti yọ sàká.

OJÚṢE AKẸ́KỌ̀Ọ́

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣòfò, nítorí pé ìmọ̀ yìí dà bí ilé. Ẹni tí kò bá wà níbi ìpìlẹ̀ kò ní mọ ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́, nítorí pé kì í ṣe ìmọ̀ àkàsórí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, máàkì ọdún àkọ́kọ́ wà lára ohun tí wọn yóò fi pín ipò fún un ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kí ó má sì rò pé ọdún eré ni. Kí ó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ ríro iye pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tí ó kù fún ènìyàn ni làákàyè àti òtítọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jí ìdáhùn wò nínú ìdánwò ìṣirò owó ti kọ ìwé irọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó sì kọ ọ́ lé lórí.

Kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tirẹ̀. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé, kí ó kọ ọjọ́ tí ó dé, kí ó kọ ohun tí ó fi ṣe. Kí ó má tijú láti fi ìwé náà han ìyá rẹ̀ nígbà ìsinmi. Ẹni tí kò lè jíhìn 20,000 náírà fún ìyá rẹ̀ kò tíì ṣe tán láti jíhìn mílíọ̀nù fún ilé-iṣẹ́.

Kí ó ní sùúrù pẹ̀lú. Akíntọ́lá Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣirò owó tí ó gba ìwé àṣẹ, rìnrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944 láti kẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 1949 ni ó tó gba ìwé àṣẹ náà. Ní ọdún 1952 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ní ọdún 1965 tí òfin sì dá àjọ ICAN sílẹ̀, òun ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kú ní ọdún 2023, ó jẹ́ ẹni ọdún 104. Ọ̀nà kúkúrú kọ́ ni ó gbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ní yunifásítì àti ọdún kan ìsìnrúùlú, ìdánwò ICAN tàbí ti ANAN ṣì wà níwájú ọmọ tí ó fẹ́ dé òpin iṣẹ́ yìí.

OJÚṢE ÀWỌN ÒBÍ ÀTI ÌGBÌMỌ̀ MỌ́ṢÁLÁṢÍ

Ọ̀rọ̀ náà kò pin sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Òbí tí ó bá ń bi ọmọ rẹ̀ ní ìgbà gbogbo pé ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó báńkì ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi ìmọ̀ náà ṣe. Àlùfáà tí ó bá sì ní kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ìwé owó mọ́ṣáláṣí tirẹ̀.

Nítorí pé níbẹ̀ gan-an ni ìtìjú wà. Mélòó ni mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń dáwó ìkọ́lé rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí ó ti wọlé? Mélòó ni ẹgbẹ́ tí ó tú ká, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni jalè, bí kò ṣe pé bàbá arúgbó tí ó jẹ́ akápò ń fi orí pa owó mọ́? Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ béèrè ìṣirò, kò rí ìwé kankan mú jáde. Ọkùnrin tí ó fi ogún ọdún sin Ọlọ́hun láìgba kọ́bọ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Akápò tí kò ní ìwé kò ní ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá ti tẹ̀lé àṣẹ tí ó wà nínú Sūratul-Baƙarah, ìwé ni ìbá gbèjà rẹ̀.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ní ìwé owó tí wọ́n ń kọ ní ojú méjì. Kí ẹni méjì tí kì í ṣe akápò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n máa kà á sí etí gbogbo ìjọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Kí wọ́n sì pe ọmọ ọdún àkọ́kọ́ tí ó dé fún ìsinmi, kí wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ akápò. Òun yóò mú ìlànà wá, bàbá yóò mú ìrírí àti ìpamọ́ra wá. Ọmọ tí ó bá ti kọ ìwé sàká ìjọ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, tí ó rí opó tí wọ́n pín in fún tí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò ní rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti ní kí ó fi 40,000 náírà ẹlòmíràn sí ibi tí kò yẹ.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ṣí ìwé tí kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, tí kékeré kò fò nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ńlá kò fò. Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kẹ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́, kí Ó fi ọwọ́ wọn kọ òdodo, kí Ó yọ wọ́n nínú ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀, kí Ó sì jẹ́ kí ìwé ayé wọn àti ìwé ọ̀run wọn bára mu. Āmīn.